Ta ni kò sùn ní agogo 2 òru? Ọ̀rọ̀ òfin ilé detox àti ilé ìtọ́jú ọlọ́jọ́ díẹ̀

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Ẹ kú àṣálẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ẹ má bínú tó bá gùn. Àwọn ilé tí wọ́n ti ń gba èèyàn sílé fún ọjọ́ díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ọjọ́ 3, ọ̀sẹ̀ 1, ọ̀sẹ̀ 2, kì í ṣe ọsibítù tán, kì í sì í ṣe ilé lásán: ibi tí wọ́n ń gbé ẹni tí ọkàn ẹ̀ dàrú lójijì lọ títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń yọ ọtí tàbí oògùn olóró kúrò lára èèyàn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní detox. Mo ti ṣe ṣíìfù alẹ́ nínú irú ilé méjèèjì, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn aláṣẹ wá yẹ ilé wò. Wọ́n ka bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wo ẹ̀rọ ìpaná. Wọ́n fọwọ́ pa ògiri wò bóyá ọ̀dà ẹ̀ ti ń ṣí. Wọ́n ní ká mú lásẹ́ńsì wá, a mú un wá, wọ́n buwọ́ lu ìwé, ó parí. Kò sẹ́ni tó bi wá pé ta ni kì í sùn ní agogo 2 òru, kí ni onítọ̀hún sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìdí tí mo fi ń pariwo agogo 2 òru rèé. Ẹni tó ti ń mutí gidi lójoojúmọ́ fọ́dún púpọ̀, tó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín wákàtí 6 sí 24 ọwọ́ ẹ̀ á ti máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà ẹ̀ á máa já. Gìrì lè mú un láàárín wákàtí 6 sí 48. Èyí tó burú jù, tí àwọn dókítà ń pè ní delirium tremens, wákàtí 48 sí 96 ló sábà máa ń dé, ìyẹn ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí gbogbo èèyàn ti rò pé ara ẹ̀ ti yá tí wọ́n sì ti yé máa wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Á máa rí ohun tí ò sí níbẹ̀, kò ní mọ ibi tó wà mọ́, ara ẹ̀ á gbóná, ọkàn ẹ̀ á máa sáré, ó sì lè kú. Ẹ wá sọ fún mi, tó bá jẹ́ ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì nìkan ni kò sùn, tó rò pé ọkùnrin yẹn kàn ń ṣe wèrè, tó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ilẹ̀ fi mọ́ ńkọ́?

Òfin tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìlera má sùn ní gbogbo òru, kí wọ́n yẹ ara èèyàn wò kí wọ́n tó gbà á wọlé, kí àdéhùn sì ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú ọsibítù kan kó tó di pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Kí lẹ̀yin rò?

ÀbúròẸ̀gbọ́nMi

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé lẹ ń wò, èmi fẹ́ kí ẹ bá mi wo ẹnu ọ̀nà àbájáde.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sírú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí heroin. Ọjọ́ 9 ló lò níbẹ̀. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣe é dáadáa, wọ́n fún un lóhun tó ń dín ìrora kù, ó sùn, ó jẹun, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí a lọ kí i. Ọjọ́ tó fẹ́ jáde, wọ́n gbé báàgì ẹ̀ fún un, wọ́n ní ó ti parí, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì la bá a nínú yàrá ẹ̀.

Ohun tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wa ni pé ara tó ti kúrò lẹ́nu oògùn fún ọjọ́ mélòó kan kì í lè gbé ìwọ̀n tó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n àtijọ́ ló lò. Ó dá èémí ẹ̀ dúró. Mo wá lọ ń kàwé lẹ́yìn ìsìnkú, mo rí i pé gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn detox ló léwu jù fẹ́ni tó ń lo irú oògùn yẹn, mo sì rí i pé methadone àti buprenorphine tó lè dáàbò bò ó ti wà nínú àkójọ oògùn kòṣeémáàní ti àjọ ìlera àgbáyé, WHO, láti 2005. Ṣùgbọ́n nílé yẹn wọ́n ní àwọn kì í fi oògùn rọ́pò oògùn. Tẹ́nì kan bá fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ fún ara ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ló wà, àmọ́ ilé tí ìjọba fún ní lásẹ́ńsì ò gbọ́dọ̀ fi í pa mọ́ fún aláìsàn pé oògùn náà wà. Kí òfin sọ ọ́ kedere: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé naloxone, oògùn tó ń jí ẹni tí heroin fẹ́ dá èémí ẹ̀ dúró, wà lọ́wọ́ ẹ̀ àti lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a gbélé, láìjẹ́ pé wọ́n ti sọ fún un pẹ̀lú ẹnu, kì í ṣe nínú ìwé lásán, pé ara ẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ọjọ́ tó wọlé. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò.

AlámójútóIléKékeré

Ẹ pẹ̀lẹ́ o ÀbúròẸ̀gbọ́nMi, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kémi náà sọ tèmi, mo mọ̀ pé inú lè bí àwọn kan. Ilé kékeré ni mò ń mójú tó, bẹ́ẹ̀dì 5, a kì í ṣe detox rárá. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ pòrúurùu ló ń wá bá wa, ẹni tí kò tíì fojú ba oorun fọ́jọ́ mélòó kan, ẹni tó ń gbóhùn, ẹni tó ń sọ pé ayé sú òun. A máa ń jókòó tì wọ́n. A máa ń bá wọn jẹun, a máa ń bá wọn rìn yí ilé ká. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé gbogbo ìgbà tí òfin tuntun bá fẹ́ jáde, ọsibítù ni wọ́n fi ń wọ̀n wá: ẹ gbọ́dọ̀ ní nọ́ọ̀sì méjì ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ ní yàrá dókítà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó báyìí. Ilé oníbẹ́ẹ̀dì 5 ò lè ṣe é, a ó kàn tilẹ̀kùn ni. Tí a bá tilẹ̀kùn, ibo làwọn èèyàn yẹn ń lọ? Àgọ́ ọlọ́pàá. Tàbí orí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, wákàtí 20, iná ń tàn sí wọn lójú.

Ẹ rántí Soteria, tí dókítà ọpọlọ Loren Mosher dá sílẹ̀ ní California ní 1971. Ilé gbígbé lásán ni, àwọn tí wọ́n ń tọ́jú èèyàn níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe oníṣẹ́ ìlera, oògùn díẹ̀ ni wọ́n ń lò, sùúrù ni wọ́n ń lò jù. Wọ́n ti í ní 1983 nítorí owó, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe ní Bern ní Switzerland ní 1984 ṣì wà. Ẹ tún wo Trieste ní Ítálì, lẹ́yìn òfin 180 ti 1978 tó ní kí wọ́n máa ti àwọn ilé wèrè ńlá pa, ilé àdúgbò oníbẹ́ẹ̀dì díẹ̀ tó ń ṣí tọ̀sán tòru ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Ká ní òfin onínọ́ọ̀sì méjì yẹn ló wà nílẹ̀ nígbà náà, Soteria ò ní ṣí rárá.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Ọ̀gá mi, mo gbọ́ yín, mi ò sì fẹ́ kí ilé yín tì. Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí òfin mọ̀ rèé: kó má fi bí ilé ṣe tóbi tó wọn ewu, kó fi ohun tó wà lára ẹni tó ń wọlé wọ̀n ọ́n. Ilé tó ń gba ẹni tó ń yọ ọtí lára, nọ́ọ̀sì ò gbọ́dọ̀ wọ́n níbẹ̀ lóru, kò sí àwáwí. Ilé tiyín, ẹni tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí ẹ̀rù ń bà sọ̀rọ̀ lè wúlò ju nọ́ọ̀sì lọ.

Àmọ́ (ibi tó ti ń le nìyí) àwọn èèyàn kì í yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí a ṣe ń yà wọ́n nínú ìwé. Wọ́n gbé obìnrin kan wá sílé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ilé ọkàn pípòrúurùu ni o, kì í ṣe detox. Kò sùn, ó ń gbọ̀n, ó ń sunkún, àwọn ẹbí ẹ̀ ní ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ ẹ́ ni. Gbogbo wa gbà á bẹ́ẹ̀, èmi náà wà lára wọn, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ìdájí ọjọ́ kejì gìrì mú un. Ìgbà tí a wá tú báàgì ẹ̀ la rí ike diazepam tó ti tán, ó ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún kó lè rí oorun sùn, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti tán lọ́wọ́ ẹ̀. Oògùn yẹn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù, èèyàn kì í já a lójijì. Ìbéèrè kan péré ni ì bá gbà wá: kí lẹ ń lò, ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?

Nítorí náà ilé yín náà gbọ́dọ̀ bèèrè, ọ̀gá. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní CIWA-Ar fún ti ọtí, ìbéèrè àti àkíyèsí 10 péré ni, ìwọ̀n gbígbọ̀n ọwọ́, òógùn, èébì, ìpayà, bóyá ó mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 67 tí èèyàn bá gbà á tán, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà láti ṣe. Tí nọ́ńbà bá ń lọ sókè, ẹ pe áńbúláǹsì. Bákan náà fítámì B1 fún ẹni tó ti ń mutí pẹ́, nítorí àìsí ẹ̀ lè ba ọpọlọ jẹ́ pátápátá tí kò ní ṣeé tún ṣe. Èyí ò ní ti ilé ẹnikẹ́ni.

MoTiJáde

Èmi ti gbé irú ilé yìí rí o, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ló gbà mí là, ẹ̀ẹ̀kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí jẹ́.

Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí jẹ́, bí mo ṣe wọlé wọ́n gba fóònù mi, wọ́n gba bàtà mi, wọ́n gbé ìwé kan síwájú mi pé kí n buwọ́ lù ú. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè di bírò mú, ojú mi ò ríran dáadáa, ṣé ẹ̀yin rò pé mo ka nǹkan kan níbẹ̀? Ọjọ́ kẹrin mo ní mo fẹ́ lọ, wọ́n ní mo ti buwọ́ lùwé pé ọgbọ̀n ọjọ́ ni. Ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Kò sí nọ́ńbà ẹnì kankan lára ògiri tí mo lè pè. Wọ́n ní èmi ni mo fínnú fíndọ̀ wá, nítorí náà òfin dídá èèyàn dúró ò kàn wọ́n.

Ibẹ̀ gan-an ni ihò tó wà nínú òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Tí wọ́n bá fipá mú ẹ, aago òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí nìyẹn, ní Florida ní Amẹ́ríkà, wákàtí 72 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Baker Act fún wọn láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, ní England ẹni tí ọlọ́pàá gbé lọ síbi ààbò, wákàtí 72 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n dín in kù sí 24 ní 2017. Àmọ́ ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá, kò sí aago kankan fún un. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ èèyàn lẹ́yìn tójú ẹ̀ bá ti wálẹ̀, ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, pé ṣé o ṣì fẹ́ wà níbí, kí ẹlòmíì tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé náà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń béèrè. Kí fóònù wà tí èèyàn lè fi pe ìta. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ti 2006 sọ ọ́ pé àìlera nìkan ò tó láti gba òmìnira lọ́wọ́ èèyàn. Àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch jáde ní 2020 pé ní orílẹ̀-èdè tó tó 60 ni wọ́n ṣì ti ń de àwọn tí ọpọlọ wọn ò yá mọ́lẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ tí kò lè pe ẹnì kankan mọ̀ pé ó jọra.

Olùyẹ̀wòTẹ́lẹ̀

Mo ti ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò ilé yìí fún àwọn ọdún kan kí n tó fẹ̀yìn tì, òótọ́ lẹ sọ Àǹtí nọ́ọ̀sì, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa, ògiri àti bẹ́ẹ̀dì ló kún inú ẹ̀. Ìgbà tó yá mi ò tẹ̀ lé fọ́ọ̀mù yẹn mọ́.

Rejísítà òru ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní àṣẹ pé kí wọ́n máa yọjú wo ẹni tó wà nínú ewu ní gbogbo ìṣẹ́jú 15. Mo ṣí ti ilé kan lọ́jọ́ kan: 10:00, 10:15, 10:30, títí dé 6:00 òwúrọ̀, bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, "ó ń sùn, ó ń sùn, ó ń sùn". Kò sẹ́ni tó lọ tọ̀ lóru. Kò sẹ́ni tó yíra padà. Mo wá ṣí ojú ewé tó kàn, òru ọjọ́ yẹn gan-an tí ilẹ̀ ò tíì ṣú, wọ́n ti kọ ọ́ tán. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé àyẹ̀wò ọ̀sán tí wọ́n ti fi lẹ́tà sọ tẹ́lẹ̀ ò wúlò. Lóru ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ má sọ fún wọn, kẹ́ ẹ sì bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀gá ò sí, kẹ́ ẹ bá ẹni tó ń sè oúnjẹ sọ̀rọ̀ pàápàá, nítorí ó máa ń rí nǹkan. Ìlànà àfikún sí àdéhùn àgbáyé tó lòdì sí ìfìyàjẹni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006, ti gbà pé kí àwọn olùbẹ̀wò tó dá dúró máa wọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dá èèyàn dúró, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n nìkan. Orílẹ̀-èdè tó buwọ́ lù ú ti ní irinṣẹ́ lọ́wọ́, àìlò ó ni.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ dá sí lórí iye bẹ́ẹ̀dì, ẹ dákun. Ní Amẹ́ríkà ẹ máa rí i pé ilé irú èyí púpọ̀ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀dì 16 géérégé. Kì í ṣe dókítà ló ní 16 ló dára. Medicaid, ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú fún àwọn tí kò lówó, kì í san owó ẹni tó wà láàárín ọdún 21 sí 64 nílé ìtọ́jú ọpọlọ tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ bá ju 16 lọ; láti 1965 ni òfin náà ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ní 1988 ni wọ́n fi nọ́ńbà 16 yẹn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń yọ̀ǹda díẹ̀díẹ̀ fáwọn ìpínlẹ̀ kan. Òfin owó ló kọ́ ilé náà. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń kọ òfin, ẹ wo ibi tówó ń gbà wọlé dáadáa.

ÌyáTóŃWá

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn, mi ò mọ òfin kankan. Ọmọ mi nílò detox, òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n ran òun lọ́wọ́. Mo wá ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo kọ nọ́ńbà mi síbì kan, kò pé wákàtí kan tí ọkùnrin kan fi pè mí, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun á sanwó ọkọ̀ òfúrufú ọmọ mi lọ sílé kan tó dáa gan-an, pé kí n tètè pinnu lálẹ́ yìí. Ṣé kí n gbà? Báwo ni màá ṣe mọ èyí tó dáa?

Olùyẹ̀wòTẹ́lẹ̀

Ìyá wa, ẹ má gbà o. Ẹ má gbà rárá. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni kó máa ta aláìsàn, ilé tó bá gbé ọmọ yín lọ á san owó fún un lórí ọmọ yín. Àwọn míì tún máa ń fẹ́ kí ọmọ náà padà sínú oògùn kí wọ́n lè tún tà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó burú débi pé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣòfin sí i ní 2018, ẹni tó bá gba owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láti kó aláìsàn lọ sírú ilé bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10, kó sì san tó $200,000 fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilé tó dáa kì í ra èèyàn.

Ẹ pe ilé náà fúnra yín, ẹ pè é lóru. Ẹ bi wọ́n pé ta ni kò sùn nísinsìnyí, kí ni iṣẹ́ tó kọ́, ọsibítù wo ni wọ́n ń gbé èèyàn lọ tí gìrì bá mú un, ṣé wọ́n á gbà kí ọmọ yín pè yín, kí ni wọ́n máa fún un lọ́jọ́ tó bá ń jáde. Tí wọ́n bá bínú sí ìbéèrè yín, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó dá ọtí tàbí oògùn oorun dúró fúnra ẹ̀ nílé kẹ́ ẹ tó débẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí gbígbọ̀n tó le tàbí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Agbẹjọ́ròÀdúgbò

Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba kí òṣìṣẹ́ tàbí ọlọ́pàá máa fi ipá di èèyàn mọ́lẹ̀, òun ló sì ń pa èèyàn kíákíá jù. Olaseni Lewis, ọmọ ọdún 23, òun àti àwọn òbí ẹ̀ ló jọ wá ìrànlọ́wọ́ lọ sí ọsibítù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2010, ọlọ́pàá 11 ló di í mọ́lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò jí mọ́, ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àwọn òbí ẹ̀ jà fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó gba òfin 2018 tí gbogbo èèyàn ń pè ní Seni's Law: kí ẹnì kan pàtó máa dáhùn fún bí wọ́n ṣe ń lo ipá ní ilé náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, kí ọlọ́pàá tó bá wọlé gbé kámẹ́rà sára. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàkíyèsí pé ọsibítù ni òfin yẹn dojú kọ. Àwọn ilé kéékèèké tí a ń sọ yìí, níbi tí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo wà lóru tó sì ń bẹ̀rù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń dojú èèyàn bolẹ̀ tí wọ́n ń jókòó lé e lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

AlámójútóIléKékeré

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè àbáwọlé, mo gbà, a ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kíkọ ipá sílẹ̀, mo gbà. Kí wọ́n wá lóru láìsọ tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn mi ṣí. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí ìjọba pàṣẹ nọ́ọ̀sì lóru kó má sì fowó sí iye tó ń san fún wa lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ òfin gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú ẹni tó ń sanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn tó máa kù ni àwọn tó ń purọ́ nínú rejísítà.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Ọ̀gá, lórí èyí ohùn wa dọ́gba. Mo máa kọ ọ́ pọ̀ mọ́ ọn.

ÀbúròẸ̀gbọ́nMi

Ẹ bá mi kọ èyí náà sí i: kí ilé náà pe èèyàn lọ́jọ́ kejì tó jáde. Ìpè fóònù kan. Kí wọ́n sì máa ka iye àwọn tó kú láàárín ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí wọ́n jáde, kí wọ́n gbé e síta ní ọdọọdún. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí nínú àkọsílẹ̀ ilé yẹn bí ẹni tó kú. "Ó parí ìtọ́jú" ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ẹ̀.

ÌyáTóŃWá

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti pè wọ́n lóru àná, agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilé àkọ́kọ́ kò gbé e. Ìkejì, ọkùnrin kan gbé e, ó ní kí n pe ọ̀gá òun láàárọ̀. Ìkẹta, obìnrin kan ló gbé e, ó ní nọ́ọ̀sì lòun, ó ní kí n dúró díẹ̀ òun fẹ́ yọjú wo ẹnì kan, mo dúró, mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀, mo gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó padà wá ó dáhùn gbogbo ìbéèrè mi. Ó bi èmi náà pé kí ni ọmọ mi ń lò, ìgbà wo ló lò ó kẹ́yìn. A ń lọ láàárọ̀ yìí.